Ilé Bàbá ní Àbújá: Kí Ẹ Tà Á Síta, àbí kí Ẹnì Kan Nínú Yín Rà Á?

Àwọn ilé tí ọmọ Yorùbá ń jogún ní Àbújá lóde òní, ibi mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Àkọ́kọ́ ni ilé ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé inú wọn ní 2005, nígbà tí Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà FCT (agbègbè olú-ìlú Àbújá). Ìkejì ni ilẹ̀ tí bàbá tàbí ìyá gbà lọ́wọ́ ìjọba, tí wọ́n sì fi owó ìfẹ̀yìntì àti àjẹmọ́nú kọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìkẹta ni èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Lugbe, Kubwa tàbí Karu, tí ìwé rẹ̀ kò kúrò lórúkọ ẹni tó tà á títí ọlọ́jọ́ fi dé. Àwọn tó bá ìjọba kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá ní December 1991 ti di àgbàlagbà, ọ̀pọ̀ ti lọ. Ilé wọn ló kù tí àwọn ọmọ ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Bí ẹ bá jókòó ti irú ẹbí bẹ́ẹ̀, iye owó ni ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń pariwo lé lórí. Mi ò gbà pé iye owó ni ìjà. Ẹni tó ń gbé inú ilé ni ìjà. Bí ó bá jẹ́ ayálégbé nìkan ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó kì í pẹ́ yanjú. Ṣùgbọ́n bí Bọ̀dá àgbà bá ń gbé ìsàlẹ̀, tí Màámi wà lókè, tí àbúrò kan wà ní Kánádà tó ń fi dọ́là ṣírò, iye kan náà yóò dùn létí ẹnì kan, yóò sì dà bí èébú létí ẹnì kejì. Nítorí náà, ohun méjì ni kí ẹ fi yan ọ̀nà: ohun tí ìwé ilé sọ, àti ẹni tó ń sùn nínú yàrá. Iye owó á tẹ̀ lé wọn.

Ìwé ṣáájú owó

Àbújá kò rí bí Ìbàdàn. Abala 297 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ló sọ ọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ FCT. Ohun tí bàbá yín ní ni ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ náà fún ọdún 99, pẹ̀lú ilé tó kọ́ sórí rẹ̀. C of O (ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀) tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 1995, 2094 ni yóò parí, ohun tó kù nínú ọdún yẹn ni ẹ jogún. Òfin Land Use Act ti 1978 sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ gómìnà. Ní Àbújá, mínísítà FCT ló dúró ní ipò gómìnà, AGIS sì ni ọ́fíìsì tí ìwé ń gbà kọjá.

Bí olórúkọ bá ti kú, kò sí ọmọ tó lè dá fọwọ́ síwèé títà, ì báà jẹ́ àrẹ̀mọ. Bí bàbá bá fi ìwé ìhágún sílẹ̀, àwọn tó yàn sínú rẹ̀ ni yóò lọ gba àṣẹ kóòtù. Bí kò bá fi sílẹ̀, ẹbí yóò mú alábòójútó ogún wá, ẹ̀ka probate (ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ogún) ní Ilé-ẹjọ́ Gíga FCT yóò sì fún wọn ní ìwé tí gbogbo lọ́yà ń pè ní letter of administration. Ọmọ tí inú rẹ̀ kò bá dùn sí orúkọ tí wọ́n kọ lè lọ fi káfíátì (ìwé ìlòdì) síbẹ̀, gbogbo nǹkan á sì dúró gbọin. Ẹ má fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo síbẹ̀. Ẹ mú méjì tàbí mẹ́ta, kí ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí kò gbé inú ilé náà, kí wọ́n má sì ti inú ìyá kan náà wá bí ìyá bá ju ẹyọ kan lọ.

Ìwé gan-an ńkọ́? C of O tó wà lórúkọ bàbá ló rọrùn jù. Ti ilé ìjọba tí wọ́n rà ní 2005, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá owó rẹ̀ tán, nítorí àwọn kan yá owó láti rà á. Èyí tó le jù ni ilé tó jẹ́ pé power of attorney (ìwé tó ní kí bàbá yín máa ṣojú òun) nìkan ni ẹni tó tà á kọ fún bàbá yín. Àdúgbò mọ̀ yín sí onílé, máìgádì mọ̀ yín, ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíràn ló wà nínú kọ̀ǹpútà AGIS. Onítọ̀hún náà lè ti kú, kí àwọn ọmọ tirẹ̀ sì máa retí kí ẹnì kan wá bá wọn. Ẹ ṣe ìwádìí ní AGIS kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó. Bákan náà ni ìwé area council (ìjọba ìbílẹ̀ ní FCT): ẹni tó bá fi owó ilé Gwarinpa tó ní C of O díye ilé Lugbe tó jẹ́ ìwé AMAC (Abuja Municipal Area Council) nìkan ló wà fún un, ó ń fi ẹ̀tàn bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ni, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Owó ilẹ̀ ọdọọdún ńkọ́? Ní March 2025, ìjọba FCT fagi lé ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ 4,794 nítorí pé wọn kò san owó yìí fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Maitama, Asokoro, Wuse àti Garki wà nínú rẹ̀. Ẹ bá mi wo ẹbí tó ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò san gbèsè náà, nígbà tí ohun tí wọ́n ń jà sí lè bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ẹni tó bá ní owó kí ó san án, kí ó gba rìsíìtì, kí wọ́n sì dá a padà fún un kí wọ́n tó pín kọ́bọ̀ kan.

Ta ni kí ó díye lé e?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, wọn kò sì dọ́gba rárá.

Ejẹnti, tàbí dílálì bí wọ́n ṣe ń pè é lókè ọ̀hún, kì í gba owó láti dárúkọ iye. Ìyẹn ni ewu rẹ̀. Ejẹnti tó bá fẹ́ kí ẹ gbé ilé fún òun yóò sọ iye gíga. Èyí tó bá ti ní ẹni tó fẹ́ rà á nílẹ̀ yóò sọ iye kékeré. Ọmọ tó ń gbé inú ilé, tó sì fẹ́ rà á, yóò mú ejẹnti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, ti Kánádà náà yóò sì rí iye tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iye tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ iye tí ẹnì kan ń béèrè. Kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni san.

Ilé aládùúgbò tí wọ́n tà lẹ́nu àìpẹ́ sàn díẹ̀, bí ẹ bá rí ẹni tí yóò sọ òtítọ́ iye tó wọ àpò fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ẹni tó tà á: ẹni tí ilé ìwòsàn ń lé, tàbí ẹni tí kò kánjú?

Ọ̀nà kẹta ni estate valuer, onídìíyelé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON, ìgbìmọ̀ tí òfin 1975 dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ó máa ń gba owó, yóò sì kọ ìwé tó ní ọjọ́, ìdí tí wọ́n fi pè é, àti ọ̀nà tó gbà ṣírò. Èyí ni mo dúró lé, pẹ̀lú àwọn àdéhùn kan. Kí lẹ́tà tí ẹ fi pè é ní ìbuwọ́lù gbogbo àwọn ọmọ. Kí owó rẹ̀ ti inú owó ayálégbé tàbí owó ogún jáde, kí ó má ti àpò ẹnì kan jáde, nítorí ẹni tó sanwó fún fèrè ló ń dárúkọ orin. Kí ẹ sọ fún un pé iye ọjà gbangba ni ẹ ń béèrè. Onídìíyelé náà lè kọ iye mìíràn sí abẹ́ rẹ̀, iye títà ní kíákíá, tí báńkì máa ń béèrè nígbà tí wọ́n fẹ́ yá ènìyàn lówó; ó máa ń kéré ju ti ọjà lọ dáadáa. Mo ti rí ibi tí ọmọ tó fẹ́ ra ilé ti ka iye ìsàlẹ̀ yìí sókè ní ìpàdé bí ẹni pé òun nìkan ló wà nínú ìwé. Ẹ bèèrè ìwé náà, kí olúkúlùkù ka ojú ewé gbogbo.

Kí ẹ tó gbọ́ iye, ẹ ti fẹnu kò sí iye oṣù tí yóò fi wúlò. Oṣù mẹ́fà tó. Ṣé ẹ rántí bí náírà ṣe já ní June 2023? Ní àárín ọdún kan, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí ₦460 ní báńkì ti kọjá ₦1,400. Ẹbí tó bá ń fi ìwé ìdíyelé 2022 bá ara wọn pín ilé ní 2024 ti fi ọ̀pọ̀ owó bọ àpò ẹni tó ń rà á. Ọmọ tó wà ní òkè òkun kò ṣe àṣejù nígbà tó bínú sí irú rẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń bí àwọn ará ilé nínú ni yàrá tí bàbá kọ́ kún ilé láìgba ìwé àṣẹ. Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́ ní Àbújá, kì í fi ìwé àṣẹ ṣeré, wọ́n máa ń wó. Onídìíyelé tó mọṣẹ́ lè yọ owó bọ́ìsì-kọ́tà tí kò sí nínú plánì kúrò, àwọn ọmọ yóò sì rò pé ó ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Bí ilé náà bá wà ní ìlú mìíràn ní òkè Ọya, àwọn àyípadà kan wà. Ní Kaduna, lẹ́yìn rògbòdìyàn 2000, àwọn ènìyàn kó tẹ̀lé ẹlẹ́sìn wọn, odò Kaduna sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ààlà. Ilé Narayi tàbí Sabon Tasha, ilé Narayi tàbí Sabon Tasha mìíràn ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ti Ungwan Rimi, bí yàrá wọn tilẹ̀ bára mu. Ní Sabon Gari Kano, tí àwọn bàbá wa láti Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń gbé láti ayé rélùwéè, owó tí yàrá àti ṣọ́ọ̀bù ń mú wọlé lọ́dún ló ń sọ iye ilé, ọ̀dà àti táìlì kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Ibẹ̀ náà ni ẹni tó ń rà á lè ní kí mai unguwa (olórí àdúgbò) fọwọ́ síwèé, ẹ má ka ìyẹn sí ìyọlẹ́nu.

Ìpín ta ni ó tó mélòó?

Ìwé iye owó lè wà lórí tábìlì, kí ìjà ṣì bẹ́ sílẹ̀ nítorí wọn kò tíì fẹnu kò lórí ìlànà pípín. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní ilé ta ₦120 mílíọ̀nù, wọ́n san ₦6 mílíọ̀nù fún ejẹnti (ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀), ₦3 mílíọ̀nù fún lọ́yà, ₦1 mílíọ̀nù fún gbèsè owó ilẹ̀. Ó ku ₦110 mílíọ̀nù. Bàbá fi ìyàwó méjì sílẹ̀: ìyálé ní ọmọkùnrin kan, ìyàwó kejì ní ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin méjì. Ìdí-igi ni kí wọ́n pín in dọ́gba sí ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ, orí-òjorí ni kí wọ́n pín in dọ́gba sí orí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ní mílíọ̀nù náírà:

| | Ìdí-igi | Orí-òjorí | Ìlànà Islam |
|---|---|---|---|
| Ìyálé | kò sí | kò sí | 6.88 |
| Ìyàwó kejì | kò sí | kò sí | 6.88 |
| Ọmọkùnrin ìyálé | 55 | 27.5 | 32.08 |
| Ọmọkùnrin ìyàwó kejì | 18.33 | 27.5 | 32.08 |
| Ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan | 18.33 | 27.5 | 16.04 |

Ẹ wo ọmọkùnrin ìyálé. Lójijì, yóò di ẹni tó mọ àṣà Yorùbá ju gbogbo àdúgbò lọ. Kò sì parọ́: nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó dé ìgbìmọ̀ Privy Council (kóòtù ìkẹyìn ní London nígbà náà) ní 1962, wọ́n gbà pé ìdí-igi ni ìlànà pípín ogún Yorùbá, àti pé olórí ẹbí lè lo orí-òjorí nígbà tí ìjà bá wà. Olórí ẹbí ni kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Bí àbúrò bàbá tó dúró bí olórí bá wà ní Ìlọrin, ẹ gbé ọkọ̀ lọ bá a kí ọmọ kan tó gba fóònù pè é.

Àwọn ìyàwó kò ní ìpín nínú ilé lábẹ́ àṣà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé inú rẹ̀. Lábẹ́ ìlànà Islam, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni tiwọn bí ọmọ bá wà, wọ́n á sì pín in láàárín ara wọn; ọmọkùnrin gba ìlọ́po méjì ọmọbìnrin. Bí bàbá bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù, òfin ìjọba ló ń darí ogún rẹ̀, ìyàwó tó fẹ́ ní kóòtù sì ní ìpín tirẹ̀. FCT ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Sharia àti ti ìbílẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò rí ibi gbé ẹjọ́ lọ. Irú ayé tí bàbá gbé, irú ìgbéyàwó tó ṣe àti ìwé tó fi sílẹ̀ ló ń yan ìlànà. Ọmọ kọ́ ló ń yàn án, pàápàá lẹ́yìn tó ti ṣírò eléyìí tó sàn fún un.

Títà síta àti títà fún ọmọ inú ilé

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù.

Bí kò bá sí ọmọ kankan nínú ilé, tí kò sì sí ìyá nínú rẹ̀, ẹ tà á síta. Mi ò rí ìdí tí ẹ ó fi ra wàhálà. Ẹ fún ejẹnti kan ṣoṣo ní ìwé àdéhùn tó ní ọjọ́ ìparí. Ilé tí pátákó ejẹnti márùn-ún wà lára ògiri rẹ̀ ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹbí ò gbọ́ra wọn yé, ẹni tó fẹ́ rà á yóò sì dúró de ìjà yín kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀.

Bí ọmọ kan bá ń gbé inú rẹ̀, títà síta di iṣẹ́ àṣelàágùn. Ẹni tó wá wo ilé yóò rí i nínú pálọ̀, á ṣàlàyé bí omi ṣe ń wọlé lọ́jọ́ òjò, àti bí àwọn ará ẹ̀yìn odi ṣe ní ẹjọ́ ààlà. Kò ní parọ́ pátápátá. Yóò kàn sọ òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fún ẹni tó wà nínú rẹ̀ láàyè láti rà á. Ṣùgbọ́n ní iye wo?

Ó máa ń sọ pé, "Ẹbí ni wá, ẹ dín in kù fún mi." Àwọn yòókù á ní, "Iye ọjà ni iye ọjà." Gbogbo wọn ló ní òtítọ́ díẹ̀ lọ́wọ́, ìṣirò sì lè fi hàn. Ẹ padà sí ilé ₦120 mílíọ̀nù yẹn, kí ẹ ní ọmọ mẹ́rin tó dọ́gba ní ìpín. Bí wọ́n bá tà á síta, ₦27.5 mílíọ̀nù ló dé ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ kan bá rà á, kò sí owó ejẹnti, ₦6 mílíọ̀nù yẹn kò jáde. Bí ẹ bá yọ owó lọ́yà àti gbèsè ilẹ̀ nìkan, ₦116 mílíọ̀nù ló kù, ìpín kan jẹ́ ₦29 mílíọ̀nù. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ó san fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wà láàárín ₦27.5 mílíọ̀nù àti ₦29 mílíọ̀nù. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó san ju ₦29 mílíọ̀nù ń fi ìbínú gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ san kéré sí ₦27.5 mílíọ̀nù ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn àbúrò rẹ̀, ó sì yẹ kí ó pè é ní ẹ̀bùn. Inú ààyè ₦1.5 mílíọ̀nù yìí ni gbogbo ìdúnàádúrà wà, kò sì tó ohun tí ẹbí ń túká fún.

Àtúnṣe tó ti ṣe ńkọ́? Yóò mú rìsíìtì wá: páànù tuntun, ẹ̀rọ omi, pọ́ǹpù, sólà. Ẹ má ka iye tó ná. Ẹ ní kí onídìíyelé sọ iye tí ilé ìbá tó láìsí àwọn nǹkan wọ̀nyí, àyọkúrò rẹ̀ ni tirẹ̀. Páànù tó gba ilé lọ́wọ́ òjò máa ń ka dáadáa. Balùwẹ̀ aláwọ̀ wúrà tó ṣe fún ìgbádùn ara rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kà. Lọ́wọ́ kejì, ó ti gbé inú ilé láìsan owó ilé láti ìgbà ìsìnkú. Bí ẹ bá ń ka àtúnṣe fún un, ẹ ka owó ilé náà sí i lọ́rùn. Tí ó bá jẹ́ òun ló ń tọ́jú ìyá tàbí bàbá nígbà àìsàn, mo fara mọ́ kí ẹ jẹ́ kí owó ilé ìgbà yẹn lọ. Ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ jẹ́ kí ó lọ.

Ìsanwó díẹ̀díẹ̀ ló ń ba títà fún ọmọ inú ilé jẹ́. Ó san ìdá kan, ó ní òun yóò san tó kù ní ọdún tó ń bọ̀, náírà sì ń já. Ẹ fún un ní ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ pé. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, wọ́n yóò tún ilé díye, tàbí ilé yóò lọ sọ́jà tí yóò sì gba owó tó ti san padà. Kí ìwé AGIS má kúrò lórúkọ ogún títí kọ́bọ̀ ìkẹyìn yóò fi wọlé. Bí kò bá lè rí owó láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, kò lè rà á nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ó fi ìrètí di yín mú.

Ọ̀rọ̀ ìyá yàtọ̀. Bí ìyá bá ń gbé inú ilé, mi ò gbà pé kí ẹ tà á lé e lórí láìrí ibi tó fẹ́ràn fún un kọ́kọ́. Ẹ ó gbọ́ "kí Màámi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́." Màámi tó ti lo ogójì ọdún ní Garki, tí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ rẹ̀, dókítà rẹ̀ àti oníbàárà rẹ̀ wà níbẹ̀, ta ni yóò bá sọ̀rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ẹ lè fi kí ó gbé inú rẹ̀ títí ayé rẹ̀ sínú àdéhùn. Iye ilé á sì já, nítorí kò sí àlejò tó fẹ́ ra ilé tí ó ní ìyá nínú. Ọmọ ló máa ń lè rà á bẹ́ẹ̀, ìdínkù owó náà sì tọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ tà á síta, ẹ yọ owó ilé kékeré Màámi kúrò nínú owó kí ẹ tó pín.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan dá tà á. Ìdájọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ṣì ń darí kóòtù lórí ohun ìní ẹbí: bí olórí ẹbí bá tà á láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè mú kóòtù yí i padà, bí àwọn ọmọ bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò sí rárá. Lọ́yà ẹni tó ń rà á mọ èyí, ìdí nìyí tí yóò fi bèèrè ìbuwọ́lù gbogbo yín.

Kí ẹ jẹ́ kí ayálégbé máa gbé e

Ìlànà yìí dùn létí, ó sì dára fún ọdún kan tàbí méjì, nígbà tí ẹ bá ń dúró de ìwé kóòtù tàbí kí ọjà sàn. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ẹnì kan gba owó ilé, àtúnṣe jẹ ẹ́ tán, àwọn yòókù ní ó jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá yàn án, ẹ gbé e fún ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ilé, kí owó gba inú àkáǹtì ogún, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ ó tún jókòó lé e. Ilé Sabon Gari tí ṣọ́ọ̀bù kún iwájú rẹ̀ nìkan ni mo lè sọ pé kí ẹ pa mọ́ pẹ́.

Kóòtù

Kóòtù lè pàṣẹ kí wọ́n ta ilé tí wọn ò lè pín, kí wọ́n sì pín owó rẹ̀. Ó máa ń pẹ́, owó lọ́yà sì ń jẹ ìpín gbogbo yín bákan náà, ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, Àbújá ní Multi-Door Courthouse láti 2003, níbi tí wọ́n ti máa ń làjà láàárín àwọn tó ń jà. Àdéhùn tí ẹ bá ṣe níbẹ̀ lè di àṣẹ kóòtù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ìpàdé ẹbí aláriwo lọ, nítorí pé àlejò ló jókòó sáàárín, ojú sì ń ti Bọ̀dá àgbà láti pariwo.

Kóòtù gan-an ló kù nígbà tí ẹni tó ń gbé inú ilé bá ti ti ilẹ̀kùn, tí ó ní òun kò ní jáde, tí kò sì ní owó láti rà á. Ní irú ipò yẹn, ẹ má dúró ọdún mẹ́ta fún ìbẹ̀bẹ̀ àbúrò bàbá. Ẹ lọ kíákíá, nígbà tí ìwé ìdíyelé yín ṣì tuntun.

Nígbà tí owó bá wọlé

Òfin ìlòdì sí fífọ owó ìdọ̀tí ti 2022 kò gbà kí ẹnì kan gba ju ₦5 mílíọ̀nù lọ ní owó lọ́wọ́. Kí ẹni tó ń rà á san sínú àkáǹtì tí alábòójútó méjì ń fọwọ́ sí, tàbí àkáǹtì lọ́yà ẹbí. Ẹ yọ owó ejẹnti, owó lọ́yà, gbèsè tí ẹnì kan ti san ṣáájú àti owó-orí. Òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 ti yí bí wọ́n ṣe ń ka owó-orí lórí èrè ohun ìní padà, kí oníṣirò owó wò ó kí ẹ tó pín. Lẹ́yìn náà, kí ìpín olúkúlùkù lọ tààrà sí àkáǹtì tirẹ̀, kí ó fọwọ́ síwèé pé òun ti gbà á tán. Ti Kánádà náà, náírà ni kí wọ́n fi san án ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí ó ṣe fẹ́ yí i sí dọ́là, ìyẹn kù sí i lọ́wọ́.